Fanákúlà Kọ́ Ló Da “Their” Pọ̀ Mọ́ “There”

Láti Ìkátẹ̀ títí dé Ajah, kí ènìyàn tó kọjá lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, pátákó ilé ìwé aládàáni kì í wọ́n lójú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Owó gọbọi ni àwọn òbí ń san níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi owó náà wá. Èrò kan ti wá di òfin láàárín wọn, ọ̀pọ̀ tíṣà náà sì ti gbà á: pé ọmọ tí a kò bá jẹ́ kó fẹnu kan Yorùbá ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ máa ń yanjú. Nítorí náà, bí ọmọ bá kọ “their” níbi tó yẹ kó kọ “there”, bó bá kọ “loose” nígbà tó ń sọ nípa nǹkan tó sọnù, bó bá kọ “quite” nígbà tó fẹ́ sọ pé ilé pa rọ́rọ́, èdè ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Wọ́n á ní ìyá àgbà tó wá láti Ìjẹ̀bú ló fà á. Wọ́n á ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì ni, tàbí dírẹ́bà tó ń gbé e lọ sílé ìwé. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa dín fanákúlà kù nílé,” ni tíṣà á wí. Òbí á gbà. Yorùbá á dákẹ́ lẹ́nu ọmọ, àṣìṣe náà kò sì ní kúrò nínú ìwé rẹ̀.

Kò lè kúrò, nítorí Yorùbá kọ́ ló gbé e wá. Inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti ń wá, Yorùbá tí wọ́n ń lé jáde yìí gan-an sì ni irinṣẹ́ tó yá jù lọ tí ọmọ Yorùbá ní láti fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ èdè kankan rí láyé wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester, ní Atlanta àti Houston, “your” àti “you're”, “its” àti “it's”, “lose” àti “loose” wà lára ohun tí àwọn olùkọ́ ń fi bírò pupa yí ká nínú ìwé ọmọ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1992, Dan Quayle, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, lọ sí ilé ìwé kan ní Trenton, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọmọ ilé ìwé kan kọ “potato” sójú pátákó, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Igbákejì ààrẹ ní ó ku nǹkan kan, ló bá ní kí ọmọ náà fi “e” kún un nídìí. Kò sí ìyá àgbà láti Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Amẹ́ríkà yìí kan náà ló ti ń ṣe ìdíje sípẹ́lì fún àwọn ọmọ ilé ìwé jákèjádò orílẹ̀-èdè láti ọdún 1925, tí àwọn ọmọ ń fi ọ̀pọ̀ oṣù múra sílẹ̀ fún un, nítorí pé kíkọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe yẹ jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà pàápàá.

Àṣìṣe kan wà tó tú gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni “should of”, tí àwọn ènìyàn ń kọ nígbà tó yẹ kí wọ́n kọ “should have”. Etí ló ń kọ́ ènìyàn nírú rẹ̀. Ẹni tó ti inú ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà kọ “should of”, nítorí ó ti rí “should have” lójú ìwé kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Etí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ni ìró méjèèjì ti ń dà pọ̀. Ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá dù ní Lẹ́kí Phase 1 tàbí ní Ọ̀ṣápa: kàtúùnù ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, YouTube ló bá a tún un ṣe, kò sì sí èdè kejì kankan tó lè gbé Gẹ̀ẹ́sì náà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí ìfòfindè yẹn ṣe fún un ni pé ó sọ ọ́ di ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Manchester ṣe ń gbọ́ ọ. Àṣìṣe ọmọ Manchester náà ló máa jogún.

Orísun ìdàrúdàpọ̀ yìí kò fara sin fún ẹni tó bá wá a. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ìró rẹ̀ sì tó nǹkan bí 44. Yorùbá ní lẹ́tà 25, ẹni tó bá sì ti mọ ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn lè ka ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Westminster ní ọdún 1476, lásìkò tí ohùn ẹnu àwọn ará England ń yí padà lọ́wọ́. Ohùn ń yí lọ, lẹ́tà ń dúró. “Meet” àti “meat” kò dún bákan náà nígbà náà. Nígbà tí ìró wọn wá di ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n kò di ọ̀kan. “There” jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará England láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn Viking, tí wọ́n ti Scandinavia wá jagun gba ilẹ̀ níbẹ̀, ni “their” ti wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ki “b” bọ inú “debt” kó lè jọ Látìn. Wọ́n ki “s” bọ inú “island” nítorí pé wọ́n ṣèèṣì rò pé Látìn ni ìdílé rẹ̀. “Flour” àti “flower” tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí àkọsílẹ̀ tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 2003, Philip Seymour ti Yunifásítì Dundee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà ní oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ti Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò tí àwọn ọmọ yìí lò kí wọ́n tó mọ ìpìlẹ̀ ìwé kíkà ju ìlọ́po méjì èyí tí àwọn ẹgbẹ́ wọn lò ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn èdè yòókù. Ọmọ tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ó yẹ ká fara balẹ̀ díẹ̀ lórí “stationary” àti “stationery”, nítorí pé orí méjì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù ti ń ṣubú. Ní ayé àtijọ́ ní àwọn ìlú yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń kiri ọjà. Ẹni tó ń ta ìwé kì í kiri ní tirẹ̀. Ó ní ibi kan pàtó tó ń jókòó sí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ibùdó sọ ọ́ lórúkọ, “stationer”. Ohun tó ń tà ni “stationery”. Nǹkan tó dúró gbọin sójú kan, tí kò lọ tí kò bọ̀, ni “stationary”. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sábẹ́ bírìjì Ajah. Àwọn ọmọkùnrin tó ń sá tẹ̀lé dáńfó pẹ̀lú gálà àti omi tútù wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta ìwé, bírò àti rúlà náà wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, kò sá tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń kiri ọjà àti ẹni tó ní ìsọ̀ ti gbọ́ ìtàn ọ̀rọ̀ méjèèjì tán. Ó wá ku kí tíṣà fi hàn án pé “e” tó wà nínú “paper”, “pen” àti “envelope” ló wà nínú “stationery”. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé lórí rẹ̀, bí wọ́n bá lè fi èdè tí ọmọ náà fi ń ronú sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo gbólóhùn kan tí ọmọ kíláàsì kẹrin lè kọ: “The children left there bags over their.” Ibi méjèèjì ló ti gbé e sódì. Tíṣà tó ti fòfin de Yorùbá á fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ méjèèjì ká, á kọ èyí tó tọ́ sókè wọn, á sì ní kí ọmọ lọ kọ gbólóhùn náà lákọtúnkọ. Ọmọ á kọ ọ́, kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì ń dún bákan náà létí rẹ̀. Tíṣà tí Yorùbá kò bà lẹ́rù á bi í pé: “Báwo lo ṣe máa sọ ọ́ nílé?” Ọmọ á ní: “Àwọn ọmọ náà fi báàgì wọn sílẹ̀ níbẹ̀.” Wọn. Níbẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kankan, bó ti wù kó kéré tó, tó máa ṣi “wọn” pè ní “níbẹ̀”. Wọn kò jọra lójú, wọn kò sì jọra létí. Èyí tó bá jẹ́ “níbẹ̀” ni “here” wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà nínú “where”. Ibi ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Èyí tó bá jẹ́ “wọn” ni “heir” wà nínú rẹ̀, àrólé, ẹni tí ohun ìní tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. “Its” ni “rẹ̀”, “it's” ni “ó jẹ́” tàbí “ó ti”. “Whose” ni “ti ta”, “who's” ni “ta ni”. Ohun tí ènìyàn “lose” ti sọnù, okùn tó bá “loose” dẹ̀. “Principal” ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé, “principle” ni ìlànà. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi lẹ́tà kan ṣoṣo tàbí àmì kékeré kan ya ìtumọ̀ méjì, Yorùbá sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan rárá. Ìdí rèé tó fi jẹ́ ìpàdánù ńlá láti gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé.

Gírámà Yorùbá pàápàá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀ pé “fẹ́” ń di “ìfẹ́”, pé “mọ̀” ń di “ìmọ̀”, ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ kì í wọ aṣọ kan náà. Kò ní ya irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu pé “s” ni ọ̀rọ̀ ìṣe ń lò nínú “advise” àti “practise”, pé “c” ni ọ̀rọ̀ orúkọ ń lò nínú “advice” àti “practice”. Kó má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù lórí èyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo “practice” fún méjèèjì, fóònù tó bá sì wà lórí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà lè sọ fún ọmọ tó kọ ohun tó tọ̀nà pé ó ṣì í kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó kàn ń yẹ sípẹ́lì wò kò ní rí àbùkù kankan lára “loose”, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni.

Àmì ohùn ńkọ́? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ọmọ tó bá kọ́ láti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ láìsí àṣìṣe ti kọ́ ojú rẹ̀ láti wá ohun kékeré tó ń yí ìtumọ̀ padà. Lójú títì náà gan-an, pátákó tí wọ́n kọ “Epe” sí láìsí àmì lè jẹ́ Ẹ̀pẹ́, ìlú, ó sì lè jẹ́ èpè tí wọ́n ń gbé ṣẹ́ ọ̀tá. Ojú tó mọ irú èyí kò ní ṣàì rí “o” kan tó lé nínú “loose”.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́wọ́ ọmọdé. Lẹ́kí àti Ajah jẹ́ agbègbè ìwé ilẹ̀. Láti Ìkátẹ̀ dé Abíjò àti Awóyáyà, wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń háyà, àwọn ìwé tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ sì kún fún “lessor” àti “lessee”, “assignor” àti “assignee”. Ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Èdè Faransé tí àwọn Norman gbé wọ England lẹ́yìn ọdún 1066, tó sì pẹ́ nílé ẹjọ́ wọn, ni ìdí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá: “or” ni ti ẹni tó ń fún ni, “ee” ni ti ẹni tó ń gbà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú ní èkejì lè ka ìwé náà dópin kó rò pé ẹlòmíràn ni ẹrù ojúṣe kan wà lọ́rùn rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun ni. Àgbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dúró lórí ìwé náà, á sì sọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Yorùbá ketekete pé onílẹ̀ nìyí, ẹni tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí, kí ó tó ní kó buwọ́ lù ú. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé irú àgbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ ń ba Gẹ̀ẹ́sì oníbàárà rẹ̀ jẹ́.

Àwọn tó ń dá Yorùbá lẹ́bi ní ẹjọ́ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Yorùbá kò ní “v”, kò ní “z”, kò ní ìró “th” àti “ch” ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì yà “ship” sọ́tọ̀ sí “sheep”. “Live” àti “leave”, “van” àti “fan”, “three” àti “tree” lè dún bákan náà lẹ́nu ọmọ tó kọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá, ohun tó bá sì dún bákan náà lè di kíkọ bákan náà. WAEC àti JAMB ń dán irú rẹ̀ wò nínú ìbéèrè wọn lórí ìpè. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n oríṣi àṣìṣe mìíràn ni, wọn kò gbọdọ̀ kó o pọ̀ mọ́ “their” àti “there”, tó dún bákan náà lẹ́nu ọba England fúnra rẹ̀. Ta ló sì máa wo irú èyí sàn? Tíṣà tó gbọ́ Yorùbá ni. Ó mọ̀ pé “f” ni ọmọ náà fi dípò “v”. Á ní kí ọmọ fi ìka kan ọ̀fun, kó pe “fan”, kó tún pe “van”. Eyín òkè á kan ètè ìsàlẹ̀ nígbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìka á gbọ́ ìgbọ̀nrìrì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, kò ní gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀ èkejì. Tíṣà tí kò gbọ́ Yorùbá, tàbí tó gbọ́ ọ tó ń díbọ́n pé òun kò gbọ́, á kàn sọ pé ọmọ náà kò fetí sílẹ̀.

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílẹ̀ Yorùbá rí, kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní ọdún 1923, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà láti Yunifásítì Ifẹ̀, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fi owó ràn án lọ́wọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Gẹ̀ẹ́sì wà fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, àwọn tó fi Yorùbá kàwé jálẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàárín 1990 sí 1992. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Adamu Adamu, mínísítà ìgbà náà, sọ fúnra rẹ̀ pé ó máa gba àkókò kí ìwé àti olùkọ́ tó tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà tó wà nípò nígbà náà, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ẹni tó bá mọ ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà yẹ kó bèèrè ohun mìíràn kó tó gba èyí. Àwọn ọmọ tó jókòó ìdánwò WAEC ní 2025 ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Olùkọ́ mélòó ló wà fún wọn? Ìwé wo ni wọ́n rí kà? Ọdún mélòó ni ìpáyà fi ti ilé ìwé pa ní àwọn ibòmíràn? Ẹni tí kò gbé àgbo mu kò yẹ kó bínú sí ewé.

Wọ́n á tún sọ pé Ajah kì í ṣe ìlú Yorùbá nìkan mọ́, pé ọmọ Igbo, ọmọ Ẹdó, ọmọ Ègùn àti ọmọ Hausa ló jókòó ti ara wọn ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sẹ́ni tó ní kí tíṣà má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Ohun tó yẹ ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè fi èdè ilé rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò láìbẹ̀rù pàṣán tàbí owó ìtanràn. Ọmọ Igbo ní “ha” fún “their”, ó ní “ebe ahụ” fún “there”. Kò sí bó ṣe máa dà wọ́n pọ̀. Kíláàsì tí èdè mẹ́rin wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin láti rí ìyàtọ̀ náà.

Ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù jù ni WAEC, ẹ̀rù náà sì tọ́. Nínú máàkì 50 tí àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ní, 10 wà fún àìṣì kọ, ìdajì máàkì sì ń lọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan títí 10 náà á fi tán. “Their” kan níbí, “loose” kan lọ́hùn-ún, máàkì ń jò. Bí àwọn òbí bá fẹ́ kí jíjò náà dáwọ́ dúró, ìbéèrè wà tó yẹ kí wọ́n gbé lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà tó ń bọ̀. Ṣé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi ọmọ pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ́ nílé wọn? Ṣé ó ń sọ ìtàn ọ̀rọ̀ fún wọn, àbí ó kàn ń ní kí wọ́n kọ ọ́ lákọtúnkọ? Ta ló ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ṣé ó ń kọ́ wọn ní àmì ohùn, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni lọ́sẹ̀? Láti ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2018, tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode ti buwọ́ lu òfin ìdáàbòbò àti ìgbélárugẹ èdè Yorùbá ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ẹ̀kọ́ Yorùbá ti di dandan ní ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ìtanràn 500,000 náírà àti títì pa ló wà fún ilé ìwé tó bá ń tàpá sí i léraléra. Òfin kan náà sọ pé sísọ Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òbí tí wọ́n bá tún ní kó dín fanákúlà kù nílé lè mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá alákòóso ilé ìwé náà.